Tòmátì, agbáyun àti kòrópò: èwo ni kí ẹ gbìn sí ẹ̀yìnkùlé tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń wá?

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Tanke, ní ìlú Ìlọrin, kò tóbi. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lè ju òkúta kan ògiri tó parí ilẹ̀ náà. Igi máńgòrò kan wà níbẹ̀, ẹ̀ka igi kajú aládùúgbò wa sì yọ wọ ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn ògiri, ilẹ̀ kan wà tí wọn ò tíì kọ́lé sí, koríko ti bò ó mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, tí ọyẹ́ ṣì mú, mo gbé abọ́ jáde láti lọ já tòmátì mẹ́ta tí mo ti fojú sí lára láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Mo fẹ́ kí wọ́n pọ́n dẹ̀dẹ̀ kí n tó já wọn ni. Wọ́n ti bu àkọ́kọ́ jẹ níbi tó ti pọ́n jù. Omi rẹ̀ ṣì ń kán sórí ewé. Ipa eyín wà lára rẹ̀ ní méjì-méjì, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹnu ìṣó méjì ha á pọ̀. Ìkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ti bọ́ sílẹ̀. Mo gbójú sókè, ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo rí lórí ògiri, ó ká ìrù lé ẹ̀yìn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu ẹnu.

Ká ní ó jẹ ẹyọ kan tán ni, kò bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó bu ẹnu mẹ́ta lára èyí, ó bu méjì lára ìyẹn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ ṣáà mọ bí owó tòmátì ṣe ń lọ sókè lọ́jà. Ẹni tó bá rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná àti Kánò, mọ̀ pé tòmátì ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe eré.

Láti ìgbà náà mo ti gbin tòmátì oríṣi mẹ́ta, mo gbin agbáyun, mo gbin kòrópò. Mo ti ra nẹ́ẹ̀tì tí kò wúlò, mo ti wọ́n omi ata, mo ti ran àpò mọ́ èso lórí igi. Ìbéèrè kan ló wá là mí lójú, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi wọn ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ gbìn: ṣé èso yìí ṣeé já kó tó pọ́n tán, kó wá parí pípọ́n rẹ̀ nínú ilé? Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má náwó lé e, ojú àti ọwọ́ yín ti tó o. Bí kò bá ṣeé ṣe, ibẹ̀ gan-an ni kí owó nẹ́ẹ̀tì yín lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń wá

Ìdílé kan náà ni ọ̀kẹ́rẹ́ àti ikún, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀ síra. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ìlọrin, igi ń bẹ, koríko ń bẹ, nítorí náà a ní àwọn méjèèjì.

Bàbá onílé wa ló kọ́ mi bí a ṣe ń mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo ni wọ́n, wọ́n sì ṣọdẹ nígbà èwe wọn. Mo gbé tòmátì tó bọ́ sílẹ̀ náà lọ bá wọn. Wọ́n yí i lọ́wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ibo lo ti mú eléyìí, orí igi àbí ilẹ̀?"

"Ilẹ̀ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n méjì yòókù ṣì wà lórí igi, wọ́n ti bù wọ́n jẹ bákan náà."

"Ọ̀kẹ́rẹ́ nìyẹn. Orí ògiri ló gbà wá. Bó bá jẹ́ ikún ni, ìdí igi ni wàá ti bá iṣẹ́ ẹ̀, ilẹ̀ ni ikún máa ń wú. O ò gbin ẹ̀pà sí ẹ̀yìnkùlé yẹn?"

Mo ní mo gbìn ín. Wọ́n ní kí n lọ wò ó. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ ló tò lọ lórí ebè, ẹ̀pà ti lọ, èèpo ló kù. Ìyẹn ni pé orí ògiri ni ọ̀kan ń gbà wọlé, abẹ́ ògiri ni èkejì ń gbà.

Bí ẹ bá rí wọn lójú, ẹ ò ní ṣì wọ́n mú. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní àwọ̀ bí ewé gbígbẹ tí eérú bà lé, òrùka-òrùka sì wà lára ìrù rẹ̀. Orí igi ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ń sá gbà. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n ní bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá gun ìrókò, ojú ọdẹ á dá. Ikún ní tirẹ̀ ní irun líle, ìlà funfun kan sì gba ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lọ lọ́tùn-ún àti lósì. Inú ihò ilẹ̀ ló ń sùn, kì í sì í sábà gun igi. Ẹ̀pà, àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ẹ̀gẹ́ àti èso tó bá wà nílẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀sán ni àwọn méjèèjì ń jẹ̀. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá ń pòórá lóru, kó má pe ọ̀kẹ́rẹ́ lólè, òkété tàbí eku ni kó fura sí.

Ẹyẹ máa ń sọ ihò kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú. Kòkòrò a lu ihò róbótó, ìgbẹ́ rẹ̀ a sì wà nínú ihò náà. Èso tí ẹranko bá ti bù jẹ, ẹ má gé ibẹ̀ dànù kí ẹ wá jẹ ìyókù. Ẹ ò mọ̀ bóyá eku ló fẹnu kàn án, eku ló sì ń kó ibà Lassa ràn wá. Ẹ wa ihò, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Tòmátì: ẹ já a kí ọ̀kẹ́rẹ́ tó dé ibẹ̀

Tòmátì dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò. Bó bá ṣáà ti gbó, kì í dá pípọ́n dúró nítorí pé a já a. Atẹ́gùn kan tí èso náà fúnra rẹ̀ ń tú jáde, tí wọ́n ń pè ní etílíìnì, ló ń mú un pọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́nú àpò kó lè tètè pọ́n: wọ́n ń sé atẹ́gùn náà mọ́ ọn lára ni.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í da tòmátì tútù láàmú púpọ̀. Òórùn èyí tó ń pọ́n ló ń pè é. Nítorí náà, àlàfo ọjọ́ díẹ̀ kan wà láàárín ìgbà tí tòmátì gbó àti ìgbà tó pọ́n, inú àlàfo yẹn ni kí ẹ ti ṣe é.

Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Mo máa ń yí tòmátì náà lórí igi, mo ń wo ìdí rẹ̀, ìyẹn òdìkejì ibi tó ti so mọ́ ẹ̀ka. Àwọ̀ ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣá, ara rẹ̀ á wá máa dán. Ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn náà, pupa rúsúrúsú kan á yọ ní ìdí yẹn, ó máa ń pín ẹsẹ̀ bí ìràwọ̀. Ọjọ́ tí mo bá rí i náà ni mo ń já a, kí pupa yẹn tó gba ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀. Mo ń fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀ lára igi tín-ín-rín tó so ó mọ́ ẹ̀ka. Mo ń tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ ní ìpele kan ṣoṣo, mo dojú wọn dé, mo gbé wọn sí igun yàrá níbi tí oòrùn kò dé. Bí mo bá ń kánjú, mo ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan sí àárín wọn. Nínú ilé wa, ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n fi ń pọ́n. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì kó tó pọ́n o. Òtútù tó bá ti lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 10 ti Celsius máa ń ba adùn rẹ̀ jẹ́, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní pọ́n mọ́.

Àwọn kan á ní èyí tó bá pọ́n lórí igi ló dùn jù. Mo wò ó wò. Mo já márùn-ún ní kùtùkùtù, mo sì fi méjì sílẹ̀ lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n pọ́n lórí igi. Nínú ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé wa. Nígbà tí a gé wọn jẹ ní tútù pẹ̀lú iyọ̀, ti orí igi dùn díẹ̀ jù ú lọ. Díẹ̀ náà ni. Mi ò rò pé díẹ̀ yẹn tó ohun tí èèyàn ń pàdánù gbogbo àsìkò fún.

Ní ti irú tòmátì tí ẹ máa gbìn, mẹ́ta ni mo fi wé ara wọn.

Àkọ́kọ́ ni tòmátì gígùn tí à ń rí nínú apẹ̀rẹ̀ àwọn Hausa, irú Roma VF àti UC82B. Ẹran rẹ̀ nípọn, omi rẹ̀ kò pọ̀, òun ló dára jù fún ọbẹ̀. Igi rẹ̀ kì í ga jù, àwọn èso rẹ̀ sì máa ń pọ́n sún mọ́ ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń já a kó tó pọ́n yóò rí èrè níbẹ̀, torí pé iṣẹ́ ṣíṣọ́ náà kì í pẹ́. Ẹni tí kì í ráyè wò ó lójoojúmọ́ yóò jìyà rẹ̀, nítorí ẹnu kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ ti ba odindi tòmátì ńlá kan jẹ́.

Èkejì ni tòmátì Yorùbá, èyí tó ní ìlà lára bí ẹni ká ọwọ́, tó máa ń kan díẹ̀. Omi pọ̀ lára rẹ̀, èèpo rẹ̀ tín-ín-rín. Ó lè fara da òjò wa ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbìn ín nígbà òjò. Ṣùgbọ́n èèpo tín-ín-rín yẹn ni wàhálà rẹ̀: bí ẹ bá já a ní kùtùkùtù, ẹ gbé e jẹ́jẹ́, ibi tó bá ti fara pa yóò rà kó tó pọ́n.

Ẹ̀kẹta ni tòmátì wẹ́wẹ́, èyí tó tó orí àtàǹpàkò. Òun ni mo fẹ́ràn jù fún ẹ̀yìnkùlé tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń wá. Igi kan lè so ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń gùn lọ sókè bí ẹ bá gbé igi ró tì í. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá mú mẹ́ta, mẹ́ta ló mú, kò ba mẹ́ta ńlá jẹ́. Àìdára rẹ̀ ni pé kò ṣeé gbára lé fún ọbẹ̀ ilé tí èèyàn pọ̀ sí. Àwọn ọmọ á jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró.

Àsìkò tún wà níbẹ̀. Bí mo bá gbin irúgbìn ní àárín oṣù Kẹsàn-án, mo ń ṣí i lọ gbìn sí ojú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, èso á wá yọjú láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní. Àsìkò yẹn ló dára jù fún tòmátì ní Ìlọrin: òjò ti lọ pẹ̀lú àrùn tó ń mú ewé rà, ooru gbígbóná ti oṣù Kejì àti Ẹ̀kẹta tó ń mú òdòdó gbọn dànù kò sì tíì dé. Àmọ́ àsìkò yẹn náà ni ebi àti òǹgbẹ ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ jù. Kajú kò tíì so, máńgòrò kò tíì pọ́n, kò sí omi nínú igbó. Tí kajú bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, mo máa ń rí i pé wọ́n fi tòmátì mi sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ omi sí abẹ́ igi máńgòrò, ní ọ̀nà jíjìn sí tòmátì, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀. Kò lé wọn lọ, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń bù jẹ dín kù lójú mi. Òǹgbẹ ló ń gbé díẹ̀ nínú wọn wá.

Agbáyun àti kòrópò: àwọn tí kò ṣe bíi tòmátì

Àwọn tó ń wo fídíò àwọn òyìnbó máa ń bi mí nípa sitirọ́bẹ́rì. Ìlú tútù ló ń fẹ́. Jos ni wọ́n ti ń gbìn ín lórílẹ̀-èdè wa. Ìlọrin gbóná jù fún un. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ èyí tí a ní.

Agbáyun jẹ́ igi kúkúrú tó ń so èso pupa gígùn tó tó nǹkan bíi orí ìka ọwọ́, kóró kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, ẹran tín-ín-rín ló bo kóró náà. Ẹni tó bá lá a tán, tó wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu, yóò rò pé ṣúgà ni. Ohun kan tó wà nínú ẹran náà, tí wọ́n ń pè ní miraculin, ló ń ṣe é. Ó lè wà lórí ahọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tilẹ̀ lè ju wákàtí kan lọ. Arìnrìn-àjò ará Faransé kan kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1725 pé òun rí àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ tó kan. Ìyá mi àgbà lápá Ọ̀mù-Àrán kò mọ arìnrìn-àjò kankan, ṣùgbọ́n agbáyun ni wọ́n ń fi sí wa lẹ́nu kí a tó mu ògì kíkan.

Agbáyun kò ṣeé já ní tútù. Bó ṣe ń pọ́n lórí igi ni miraculin ń kún inú rẹ̀. Èyí tí a já ní àwọ̀ ewé kò ní ṣiṣẹ́ náà. Bí ó bá sì pọ́n tán, kò ní ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ lẹ́yìn jíjá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dúró lórí igi lójú ọ̀kẹ́rẹ́ títí yóò fi pupa fòò, ọ̀nà àbùjá kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ tún wo iye ọdún tó ń gbà: ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni èyí tí a fi kóró gbìn sábà máa ń gbà kó tó so. Kóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú, ọjọ́ tí ẹ bá lá ẹran rẹ̀ tán ni kí ẹ gbìn ín. Ó ń fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀ tí ewé rírà pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń fẹ́ ibòòji. Ọyẹ́ Ìlọrin máa ń jó etí ewé rẹ̀, mo ń bomi rin ín lójoojúmọ́ ní oṣù Kejìlá àti Kìíní. Ohun tí èèyàn dúró dè fún ọdún mẹ́ta, tí kò sì ṣeé gbé sá, òun ni mo kan nẹ́ẹ̀tì fún.

Kòrópò ní tirẹ̀ fúnra rẹ̀ mú nẹ́ẹ̀tì wá sáyé. Ewéko kékeré ni, kì í ga ju orúnkún lọ púpọ̀, ó ń hù fúnra rẹ̀ létí ọ̀nà oko. Èso rẹ̀ róbótó, ó wà nínú àpò tín-ín-rín kan bí ìgbà tí wọ́n fi bébà di í. Bó bá ti pọ́n, àpò náà á gbẹ, á pọ́n bíi koríko gbígbẹ, òun àti èso inú rẹ̀ á jọ já bọ́. Ẹ ṣa á nílẹ̀ láàárọ̀, ẹ má bọ́ ọ, ó lè wà nínú àpò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láì bàjẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò kọbi ara sí i lọ́dọ̀ mi. Ikún nìkan ni mo ti bá tó ya díẹ̀ nínú èyí tó sùn nílẹ̀ mọ́jú tó sì di ọ̀sán, nítorí náà kí wọ́n má di ọ̀sán nílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí àwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀: májèlé wà nínú èso tútù rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi sẹ́nu.

Bí mo bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, báyìí ni wọ́n rí lójú mi:

| | Tòmátì | Agbáyun | Kòrópò |
|---|---|---|---|
| Láti irúgbìn dé èso | oṣù 3 sí 4 | ọdún 3 sí 4 | nǹkan bí oṣù 3 |
| Ṣé a lè já a kó tó pọ́n? | Bẹ́ẹ̀ ni, tí pupa bá ti yọ nídìí | Rárá | Kò sí ìdí rẹ̀, ó ń já fúnra rẹ̀ |
| Ta ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù? | Ọ̀kẹ́rẹ́ | Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyẹ | Ikún, bó bá pẹ́ nílẹ̀ |
| Ṣé kí a náwó nẹ́ẹ̀tì lé e? | Bí ẹ ò bá sí nílé lọ́sàn-án nìkan | Bẹ́ẹ̀ ni | Rárá |

Ohun tí a fi ń ṣọ́ ọ

Nẹ́ẹ̀tì oníike ni mo kọ́kọ́ rà, nítorí pé kò wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀kẹ́rẹ́ fi jẹ ẹ́ lu. Wáyà nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń ṣe ilé adìyẹ sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì kan, eku àti ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ lè gbà á kọjá. Èyí tó ṣiṣẹ́ ni wáyà onígun mẹ́rin tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì ínṣì lọ. Ó wọ́n ju ti adìyẹ lọ. Ẹ béèrè èyí tí kì í dípẹtà, kẹ́ ẹ má baà rà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá ni ìṣòro yín, ẹ bo orí rẹ̀. Ilé nẹ́ẹ̀tì tí kò ní òrùlé, àkàbà lásán lẹ kàn fún un. Bó bá jẹ́ ikún ni, ẹ ri ẹsẹ̀ nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, kó lè jẹ́ pé bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ nídìí ògiri nẹ́ẹ̀tì, orí wáyà ni èékánná rẹ̀ á bá. Ẹni tó bá gbin nǹkan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ńlá lórí sìmẹ́ǹtì ti bọ́ lọ́wọ́ ikún, kó kàn gbájú mọ́ òkè.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé kòkòrò kò ní ráyè wọlé gbé ìyẹ̀fun òdòdó. Tòmátì kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, akọ àti abo wà nínú òdòdó kan náà. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ẹ fi ìka ta igi rẹ̀ láàárọ̀. Ojú wáyà ìdajì ínṣì gba oyin láàyè lára agbáyun. Àmọ́ ó tún gba labalábá kékeré tó ń bí Tuta náà láàyè, ẹ má ṣe rò pé wáyà ọ̀kẹ́rẹ́ ti gba tòmátì yín lọ́wọ́ kòkòrò.

Àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn níbi ìyàwó, mo ti so ó mọ́ èso kọ̀ọ̀kan. Ó dára fún ẹyẹ àti eṣinṣin. Ọ̀kẹ́rẹ́ já a nígbà ọyẹ́. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya ṣeé bo tòmátì fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tó bá ń pọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fi olóògùn bo ohun tí ẹ fẹ́ jẹ, ẹ má sì ṣe ṣí èyí tí ọmọ ń sùn sábẹ́ rẹ̀ torí tòmátì.

Omi ata ń ṣiṣẹ́ dé àyè kan. Ohun tó ń ta wá lẹ́nu nínú ata rodo ń ta ọ̀kẹ́rẹ́ náà, kì í ta ẹyẹ. Mo lọ ata rodo mẹ́wàá, mo pò ó mọ́ omi àti ọṣẹ díẹ̀, mo sẹ́ ẹ, mo wọ́n ọn. Ó lé wọn fún ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Òjò kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ tòmátì dáadáa kí ẹ tó gé e, ẹ má sì wọ́n ọn lódì sí afẹ́fẹ́, ojú á ta yín títí di alẹ́. Ata rodo fúnra rẹ̀ ni mo tún fẹ́ràn jù: mo gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ tòmátì, ọ̀kẹ́rẹ́ kò fẹnu kan ẹyọ kan rí.

Ajá wúlò níwọ̀n ìgbà tó bá jí. Ọ̀sán gangan tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ̀ ni ajá wa máa ń sùn sábẹ́ mọ́tò, ó sì ti wú ebè ju bí ikún ṣe wú u lọ.

Májèlé ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fọwọ́ kàn rárá. Ọta-piapia tí wọ́n ń ta kiri, ẹlòmíràn á bu sínú ẹ̀pà. Adìyẹ ń jẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kan náà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ń he ohun gbogbo sẹ́nu. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títa DDVP, oògùn apakòkòrò tó máa ń wà nínú ọta-piapia, nínú ìgò kéékèèké ní ọjà gbangba, nítorí ìpalára tó ń ṣe. Tòmátì kan kò tó nǹkan tí à ń torí rẹ̀ gbé irú ewu bẹ́ẹ̀ sínú ilé.

Èwo wá ni tiyín?

Bí ẹ bá ń gbé ilé ayálégbé, tí ẹ ò sì mọ ìgbà tí ẹ ó kó lọ, tòmátì wẹ́wẹ́ mẹ́rin nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí àpò ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ata rodo méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa já a tí pupa bá ti yọ. Ẹ má ra wáyà.

Ẹni tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń wọlé lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbì, kò ní rí àlàfo ọjọ́ díẹ̀ tí mo ń sọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbin kòrópò, kó máa ṣa á lọ́jọ́ ìsinmi àti láàárọ̀. Bó bá jẹ́ tòmátì ló ń wù ú lọ́ranyàn, kó gbin ti gígùn, kó ra wáyà, kó bò ó látòkè délẹ̀.

Ẹni tó bá ní ilé tirẹ̀, tàbí tó ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà, Òró tàbí Ọ̀mù-Àrán níbi tí òjò ti ń pẹ́ díẹ̀ ju tiwa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbin agbáyun. Ó ń tán lọ ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, kò sì sí ọmọ tó máa mọ adùn rẹ̀ bí a ò bá gbìn ín fún wọn. Ọdún àkọ́kọ́ àti èkejì kò nílò wáyà. Ọdún tó bá tanná ni kí ẹ pe káfíńtà.

Ẹ sọ fún káfíńtà náà kó fi àlàfo tó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀ láàárín ẹ̀ka àti wáyà, ní ẹ̀gbẹ́ àti lókè. Ti èmi fara kan ewé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kàn án. Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó síta, ó na ọwọ́ gba ojú wáyà wọlé, ó sì fa gbogbo agbáyun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.